Mo fi ẹ́ńjìnnì ńlá sínú Mini mi nínú géèmù, kò sì gba ìdarí mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀bàntókò, l'Abẹ́òkúta, ni mò ń gbé. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń gbá Forza Horizon 5, géèmù eré ìje mọ́tò, ní òpin ọ̀sẹ̀, Mini Cooper S ọdún 1965 ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo mọ́tò tó wà níbẹ̀. Mo ṣa owó jọ nínú géèmù náà, mo ra ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù nínú èyí tó lè wọ̀ ọ́. Látìgbà náà, bí mo bá ti tẹ tọ́tù, ṣe ló máa ń fà mí lọ sínú igbó. Bí mo bá dé kọ́nà, kì í fẹ́ yí. Ọ̀rẹ́ mi tí kò yọ ẹ́ńjìnnì tó bá Mini tiẹ̀ wá ń fi mí sílẹ̀ nígbà gbogbo. Class B la máa ń sá, ìyẹn ọ̀kan nínú ìpele tí géèmù náà pín àwọn mọ́tò sí. Ṣé kí n ra ẹ́ńjìnnì mìíràn ni, àbí kí n kúkú pa mọ́tò yẹn tì? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún mọ́tò gidi ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má pa á tì. Mini yẹn kò ṣẹ̀ ọ́. Ẹrù tó o gbé rù ú ló pọ̀ jù ú lọ. Ohun tó ń ṣe ọ́ yìí kan náà ló máa ń gbé àwọn oníbàárà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Lafẹ́nwá, ó sì ti lé lógún ọdún báyìí tí mo ti ń bá a fà á. Tó bá di alẹ́, tí mo bá ti fọ epo kúrò lọ́wọ́, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin a jọ máa ń jókòó sídìí géèmù tó ò ń sọ yìí. Àwọn tó ṣe é gbìyànjú gan-an ni. Ọ̀pọ̀ ìwà tí mọ́tò gidi ń hù lójú títì ni tinú géèmù náà ń hù, ìyẹn ni mo fi lè fi ẹnu mẹkáníìkì dá ọ lóhùn.

Ká kọ́kọ́ wo irú mọ́tò tí Mini jẹ́. Ọdún 1959 ló jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alec Issigonis ló ya àwòrán rẹ̀. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà mẹ́ta lọ, íǹṣì 10 péré sì ni rííìmù tó bá a jáde. Kí èèyàn mẹ́rin lè ráyè jókòó nínú ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, Issigonis dá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní ìbú, ó sì jẹ́ kó jẹ́ pé táyà iwájú ni yóò máa fa mọ́tò. Cooper S tó lágbára jù láyé ìgbà yẹn, ẹ́ńjìnnì 1275 cc ló ní, agbára rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ẹṣin 76 lọ. Síbẹ̀, Mini gba ipò kìíní ní Monte Carlo Rally ní 1964, ó gbà á ní 1965, ó tún gbà á ní 1967, lójú àwọn mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì wọn tóbi jù ú lọ fíìfíì. Orí òkè, inú yìnyín, kọ́nà lórí kọ́nà ni wọ́n ti ń sá eré yẹn. Mini fúyẹ́, ó sì ń mú ilẹ̀. Ohun tó fi ń gba ipò kìíní nìyẹn, òun náà lo sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó o ki irin ńlá bọ̀ ọ́ níwájú.

Wò ó báyìí. Táyà méjì tó wà níwájú Mini, iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń ṣe: àwọn ló ń fa mọ́tò, àwọn náà ló ń yí i. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà gòkè Ìtòkú rí á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí ọlọ́kadà bá fún un ní tọ́tù lójijì, iwájú á fúyẹ́, ìdí á rì, ìwọ tó o jókòó sẹ́yìn á sì di aṣọ rẹ̀ mú gírígírí. Kò sí mọ́tò tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó o bá ti tẹ tọ́tù Mini rẹ, ìwúwo á sún sẹ́yìn, táyà iwájú á fúyẹ́ lórí ilẹ̀, àsìkò yẹn gan-an sì ni ẹ́ńjìnnì ńlá ń rọ agbára lé e lórí. Á máa yí lásán, á máa rú èéfín, orí mọ́tò á sì máa wá ibi tó máa gbà. Bó o bá wá dé kọ́nà, tó o tẹ bíréèkì, ìwúwo á ya padà síwájú. Irin ńlá tó o kó síbẹ̀ á fẹ́ máa lọ tààrà, táyà tóóró tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì lágbára tó lè fi yí i. Ìdí nìyẹn tó fi ń kọ etí ikún sí páàdì rẹ.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ, ó kàn mọ owó ná ni. Nọ́ńbà PI tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mọ́tò nínú géèmù náà, èyí tó ń fi bí mọ́tò ṣe dáńgájíá tó hàn, owó ọjà ni kó o kà á sí. Class B bẹ̀rẹ̀ láti 601, ó parí sí 700. Class A bẹ̀rẹ̀ láti 701, ó parí sí 800. Nínú class B, ìwọ kò lè kọjá 700, ọ̀rẹ́ rẹ náà kò lè kọjá rẹ̀. Ìwọ wọ ọjà Kútọ̀, o fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ ra ẹran, o wá délé láìsí ata, láìsí epo, láìsí iyọ̀. Òun ra ẹran díẹ̀, ó sì ra èlò ọbẹ̀ pé.

Nítorí náà, dá mọ́tò náà padà sí bó ṣe wà nígbà tó o rà á, kó o tún ọjà náà ná. Ṣùgbọ́n kó o tó tú ohunkóhun, tọ́jú bó o ṣe tò ó báyìí síbi tí géèmù ti ń gba àtòjọ pamọ́, a óò padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Táyà ni kó o kọ́kọ́ rà: èyí tó rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà kó o mú kó fẹ̀ sí i níwájú. Tó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà eléruku lẹ ti ń sáré, táyà rally ni kó o mú. Lẹ́yìn táyà, dín ìwúwo mọ́tò kù. Kò sí ohun tí ìdínkù ìwúwo kì í ràn lọ́wọ́: mọ́tò á tètè gbéra, á tètè dúró, á tètè yí. Ra ọ̀pá anti-roll, èyí tí kì í jẹ́ kí mọ́tò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù ní kọ́nà, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, nítorí a máa lò wọ́n níwájú níbí. PI tó bá ṣẹ́ kù ni kó o wá fi lọ bá ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yẹn, kó o máa fi nǹkan kún un díẹ̀díẹ̀ títí wàá fi dé 700. Gbogbo ìgbà tó o bá fẹ́ ra nǹkan, kọ́kọ́ wo nọ́ńbà tí géèmù ń fi hàn ọ́ lórí ojú ìwé náà: ìwúwo, àti ìdá rẹ̀ tó wà níwájú. Àwọn ọmọdé kì í wò ó. Agbára ẹṣin nìkan ni wọ́n ń wò.

Kò túmọ̀ sí pé pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì kò dára. Ó láyè tirẹ̀, pàápàá tẹ́ ẹ bá gòkè lọ sí class A. Ká ní Mini rẹ wọn kílò 650. Ẹ́ńjìnnì kan wà tó fi kílò 20 kún un, tó sì fún ọ ní ẹṣin 150. Òmíràn fi 120 kún un, ó fún ọ ní 230. Tó o bá fi iye ẹṣin pín gbogbo ìwúwo mọ́tò, ti àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bíi kílò mẹ́rin àbọ̀ fún ẹṣin kọ̀ọ̀kan, ti èkejì kò ju mẹ́ta lé díẹ̀ lọ. Lójú ọ̀nà tó lọ gbọnrangandan, èkejì á já a sílẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n kílò 100 tó fi ju èkíní lọ, orí táyà iwájú ló jókòó sí pátá. Lójú ọ̀nà olókè, oníkọ́nà, àkọ́kọ́ ni màá mú láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ pé ti èkejì ló wù ọ́ dandan, sọ mọ́tò náà di èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, AWD. Ó máa jẹ PI, ó máa fi ìwúwo kún un, ṣùgbọ́n agbára á rí ilẹ̀ tẹ̀. Má sọ ọ́ di ti táyà ẹ̀yìn. Mini kúrú jù: bí ìdí bá ti fẹ́ ṣáájú orí, kí o tó sọ pé kí lèyí, o ti kọjú síbi tó o ti ń bọ̀.

Ìjàpá, Volkswagen tí gbogbo wa mọ̀, òdìkejì èyí ló ń ṣe. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ wà, nítorí náà ìdí ló ń wúwo sí i bó o ṣe ń kó irin kún un. Tó o bá já tọ́tù sílẹ̀ lójijì láàárín kọ́nà, ìdí á fẹ́ gba iwájú. Orí Ìjàpá ni ọ̀gá mi ti kọ́ mi níṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Èkó ni. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i nínú géèmù tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí Mẹ́síkò, nítorí pé ní ìlú Puebla, ní Mẹ́síkò níbẹ̀, ni wọ́n ti ṣe èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ní 2003.

Ó wá ku gíà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kó o fara balẹ̀ sí jù. Oníbàárà kan gbé mọ́tò kékeré wá bá mi nígbà kan. Ibòmíràn ni wọ́n ti bá a gbé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tó tóbi jù ú lọ sínú rẹ̀, wọ́n sì fi gíàbọ́ọ̀sì àtijọ́ sílẹ̀. Ó ń gòkè Sápọ̀n, ó gbọ́ gbàù, mọ́tò ò lọ mọ́. Nígbà tí mo fa ṣáfúùtù rẹ̀ jáde, eyín tó wà lẹ́nu rẹ̀ ti lọ́ bí okùn tí wọ́n fún lọ́wọ́, ibi tó ti ṣẹ́ ń dán wínríwínrín. Nínú géèmù, ṣáfúùtù kì í ṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gíà tí kò bá ẹ́ńjìnnì mu á máa fi àyè rẹ ṣòfò láì jẹ́ kó o mọ̀.

Ra gíàbọ́ọ̀sì Sport, ó máa jẹ́ kó o lè yí Final Drive, nọ́ńbà kan ṣoṣo tó ń sọ gbogbo gíà di gígùn tàbí kúkúrú pọ̀. Ti Race máa jẹ́ kó o lè yí gíà kọ̀ọ̀kan. Gbé mọ́tò lọ sójú títì tó gùn, tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, má ṣe wo ọ̀nà nìkan, wo abẹ́rẹ́ tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí hàn. Tí títì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tó o ṣì wà nínú gíà kẹrin nínú mẹ́fà, gíà rẹ ti gùn jù: fi kún nọ́ńbà Final Drive. Tí abẹ́rẹ́ bá ti wọ ibi pupa nínú gíà tó kẹ́yìn, tí títì ṣì kù rẹpẹtẹ níwájú, ó ti kúrú jù: dín nọ́ńbà náà kù. Ohun tí mò ń fẹ́ ni pé kí gíà tó kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí títì tó gùn jù lójú ọ̀nà tẹ́ ẹ ń sá bá ń parí. Tí táyà bá sì ń yí lásán nígbà tó o bá ń gbéra, dín nọ́ńbà gíà kìíní nìkan kù, díẹ̀ báyìí, kó o tún gbéra wò.

Àwọn tó kù kò gba àsọyé púpọ̀. Ọ̀pá anti-roll, nọ́ńbà rẹ̀ lọ láti 1 dé 65: jẹ́ kí ti iwájú rọ̀, kí ti ẹ̀yìn le ju ti iwájú lọ, wàá rí i pé orí mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tìrẹ ní kọ́nà. Tó bá wá ń fi ìdí jó, o ti mú ti ẹ̀yìn le jù nìyẹn. Ní ti díìfù iwájú, èyí tó ń pín agbára fún táyà iwájú méjèèjì, tí táyà kan bá ń yí lásán tí èkejì kò ṣe nǹkan kan, fi kún nọ́ńbà acceleration rẹ̀. Tí mọ́tò bá ń lọ tààrà bó o ṣe ń tẹ tọ́tù jáde kúrò ní kọ́nà, dín in kù. Má ṣe yí ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mú kọ́nà kan ṣoṣo, yí nǹkan kan, gbà á kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, kó o tó yí òmíràn.

Ẹ́ńjìnnì ńlá tó o fi owó rà kò ṣègbé. Géèmù náà ti kà á sí tìrẹ lórí Mini yẹn, kò ní gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ mọ́. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sá class A, pe àtòjọ tó o tọ́jú yẹn padà, sọ ọ́ di AWD, kó o sì bẹ̀rẹ̀ láti orí táyà.