Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Àwòrán tó kọ̀ tí kò di odidi

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Irin pẹlẹbẹ tí bẹ́ríǹ ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ máa jókòó lé ni mò ń yà nínú FreeCAD (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán ẹ̀rọ): 200 mìlímítà ní gígùn, 120 ní ìbú, 10 ní nínípọn, pẹ̀lú ihò bọ́ọ̀tì mẹ́rin. Gbogbo ìlà ló pàdé lójú mi, síbẹ̀ tí mo bá tẹ Pad (tó ń fún àwòrán ní nínípọn), á ní “Wire is not closed” (ìlà ò pa dé). Kí ló dé? (Òǹkàwé, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Ojú ló ń tàn yín. Kí FreeCAD tó fún àwòrán ní nínípọn, ó gbọ́dọ̀ lè tọ ìlà láti igun kan, kó yí i po, kó sì padà dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnu ìlà méjì bá fi 0.01 mìlímítà péré jìnnà síra, ẹ ò ní rí i, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò ní mọ èwo ni inú, èwo ni ìta. Ògiri ti lanu nìyẹn.

Ẹ ṣí Sketch (àwòrán pẹlẹbẹ tí ẹ kọ́kọ́ yà) padà, kí ẹ fi máòsì fa igun kọ̀ọ̀kan díẹ̀. Bí ìlà kan bá tẹ̀lé yín tí èkejì dúró, ibẹ̀ ni àlàfo wà. Ẹ yan ẹnu méjèèjì, kí ẹ tẹ Coincident, tó ń so ẹnu méjì pọ̀ sójú kan. Bí igun bá pọ̀, ẹ jáde kúrò nínú Sketch náà, ẹ yàn án, ẹ lọ sí Validate Sketch nínú mẹ́nù Sketch: Find á wá àwọn ẹnu tí kò so pọ̀, Fix á so wọ́n.

Bí ó bá ṣì kọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ya ìlà kan lé orí òmíràn láìmọ̀. Ẹ pa ọ̀kan rẹ́. Bí ìlà bá ṣì hàn níbẹ̀, ẹ ti mú un. Tàbí kẹ̀, ìlà kan ta ìrù kọjá igun, tàbí èyí tí ẹ fi ń wọn ibi tí ihò máa wà ló kan etí irin. Ìlà mẹ́ta ò gbọ́dọ̀ pàdé lójú kan. Ẹ gé ìrù. Ìlà ìwọ̀n, ẹ má pa á rẹ́, ẹ sọ ọ́ di Construction (ìlà ìrànwọ́ lásán), Pad ò ní kà á mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ihò náà. Bọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní 19 lọ́jà, sípánà tó ń tú u ni 19. Ara bọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀, mìlímítà 12 ni. Ihò 13.5 ló tọ́ sí i. Ẹ lè yà á sínú Sketch kan náà, á di ihò fúnra rẹ̀, bí kò bá ṣáà ti fara kan etí irin. Àwa fẹ́ kó ní Sketch tirẹ̀, kí ẹ fi Pocket gbẹ́ ẹ: ọjọ́ tí bọ́ọ̀tì bá yí padà, irin pẹlẹbẹ ò ní mọ̀ sí i.

Ẹ wá yẹ iṣẹ́ wò. Nínú Python console (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún FreeCAD), ẹ tẹ App.ActiveDocument.Body.Shape.Volume. Ó yẹ kí ẹ rí nǹkan bí 234274, ìyẹn gígùn × ìbú × nínípọn, ká yọ ihò mẹ́rin kúrò. Bí ó bá jẹ́ 240000 gééré, kò sí ihò kankan tó wọlé.

AutoCAD, ètò ayàwòrán mìíràn, lèmi ń lò. Mo ṣe EXTRUDE (àṣẹ tó ń gbé àwòrán dìde bíi Pad), ó gbéra lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣófo. (Òǹkàwé, Ìkọ̀lé-Èkìtì)

Awọ lásán lẹ yọ, kò lẹ́ran nínú. AutoCAD kì í báni jiyàn: bí ìlà ò bá pa dé, surface, ìyẹn awọ, ló máa fún yín. Kódà bí ẹnu wọn bá kanra, bí wọ́n bá ṣì jẹ́ ìlà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, awọ mẹ́rin ni. Ẹ kọ́kọ́ fi OVERKILL pa àwọn tó gorí ara wọn. Lẹ́yìn náà, PEDIT (àṣẹ tó ń so ìlà pọ̀ di ọ̀kan), Multiple, kí ẹ yan gbogbo wọn, Join. Ó máa bi yín ní fuzz distance (bí àlàfo tó lè dí ṣe tóbi tó), 0.1 tó, nítorí bí ẹ bá fi 5 sí i, á fa igun tí ẹ ò fẹ́ kó yẹ̀. Nínú Properties, Closed gbọ́dọ̀ jẹ́ Yes.

Bí Join bá kọ̀, ẹ wo Z (gíga) àwọn ìlà náà. Àwòrán tí a gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló sábà máa ń ní àrùn yìí: lójú, ìlà pàdé, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà lókè èkejì. FLATTEN ló máa mú gbogbo wọn wá sílẹ̀.

Púlì mi kọ̀ láti yípo nínú Revolution (àṣẹ FreeCAD tó ń yí àwòrán po di odidi). (Òǹkàwé, Ìjerò-Èkìtì)

Àwòrán yín ti kọjá sí òdìkejì ìlà àárín (axis) tó ń yí po mọ́. Ó lè fara kàn án, kò gbọ́dọ̀ ré e kọjá. Ìdajì púlì ni kí ẹ yà, kì í ṣe odidi.