Lẹ́ńsì idẹ tí kò ní ṣọ́tà: ẹ má tíì náwó

Ẹ kú oríire lẹ́ńsì o. Ẹ ní lẹ́ńsì idẹ àtijọ́ ló bọ́ sí yín lọ́wọ́ fún kámẹ́rà ńlá, kò ní ṣọ́tà (ohun tó ń ṣí ojú lẹ́ńsì, tó sì ń pa á dé, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé fún ìwọ̀n àkókò tí ẹ fẹ́) nínú, ẹ sì fẹ́ mọ èyí tí ẹ máa rà sí i. Irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ ni mo ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, èsì mi ò sì ju pé kí ẹ ṣì di owó yín mú. Ìdérí ẹnu lẹ́ńsì yẹn, ṣọ́tà ni. Iṣẹ́ tó kù ni kí ẹ fa àkókò gùn débi tí àṣìṣe ọwọ́ ò fi ní já mọ́ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Bí àwòrán bá fẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 1, tí ọwọ́ yín sì fi ààbọ̀ pẹ́, ìmọ́lẹ̀ ti fi ìdajì lé, ó máa hàn. Ààbọ̀ yẹn kan náà lórí ìṣẹ́jú àáyá 8, ìdá kan nínú 16 ni. Ta ló máa rí i? Èmi kì í sún mọ́ ohunkóhun tí kò bá tó ìṣẹ́jú àáyá 3.

Bébà tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀, ẹ lò ó bíi nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn àwòrán àkọ́kọ́ tí dúdú àti funfun rẹ̀ yí padà. ISO 6 ni mo máa ń kà á sí; ISO ni ìwọ̀n bí bébà tàbí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí. Nínú oòrùn gangan, ní f/32 (nọ́ńbà ihò lẹ́ńsì; bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i), ó fẹ́ nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá, ọwọ́ ò lè ṣe ìyẹn dáadáa. Ẹ fi fílítà ND 0.9 (gíláàsì dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ) sí i, ó di ìṣẹ́jú àáyá 5 ó lé díẹ̀. Lábẹ́ òjìji, ẹ lè má nílò fílítà rárá, àwòrán náà á sì tún rọ̀ lójú jù.

Ẹ má kàn fa ìdérí yọ o! Ẹwìrì kámẹ́rà (apá tó ń ká, tó sì ń nà láàárín lẹ́ńsì àti fíìmù) máa gbọ̀n. Ẹ di páálí dúdú mú níwájú lẹ́ńsì, kó má kàn án, kí ẹ wá fi ọwọ́ kejì yọ ìdérí. Ẹ dúró kí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé páálí sókè, kí ẹ sì dá a padà wálẹ̀ tí àkókò bá pé. Mo máa ń jẹ́ kí fóònù máa dún ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, torí ojú mi ò lè wà lára aago àti lára páálí pọ̀. Ìró tí ẹ fi ṣí i, òdo ni. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ení.

Tó bá jẹ́ fíìmù, ẹ rántí pé ó máa ń rẹ̀ ẹ́ tí àkókò bá gùn. Fomapan 100, bí mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ bá ní ìṣẹ́jú àáyá 1, ẹ fún un ní 2. Bó bá ní 10, ẹ fún un ní 80. Àwọn tó ṣe é ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi pé ó pọ̀ jù, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ò ní ṣọ́tà ló ṣe lóore.

Ẹ tún yẹ nọ́ńbà ara lẹ́ńsì náà wò dáadáa. Àwọn àtijọ́ kan fi ìṣirò U.S. (Uniform System, ọ̀nà àtijọ́ kan láti fi nọ́ńbà sí ihò lẹ́ńsì) kọ ọ́: 16 ibẹ̀ bá f/16 wa dọ́gba, ṣùgbọ́n 4 ibẹ̀ jẹ́ f/8, 64 sì jẹ́ f/32. Ẹni tó bá ka 64 yẹn sí f/64 máa fún fíìmù ní ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin. Bí ẹ bá sì ń ya ojú èèyàn nítòsí, tí ẹ ti fa ẹwìrì lẹ́ńsì 300 mm dé 420 mm, ẹ sọ àkókò di ìlọ́po méjì.

Ọmọdé àti ewé tí afẹ́fẹ́ ń mì nìkan ló máa fi dandan mú yín ra ṣọ́tà. Ṣọ́tà Packard tó ń fi afẹ́fẹ́ inú rọ́bà ṣiṣẹ́ tó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọn ihò rẹ̀, kó má kéré ju ẹ̀yìn lẹ́ńsì lọ, kí ẹ sì bèèrè bóyá ó lè ṣí kó pa ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí àwọn kan ò lè ṣe é.