Èrè Iléeṣẹ́ Ń Lọ Sókè, Owó Oṣù Tèmi Dúró Gbagidi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 16 ni mo ti wà nídìí ìwé ìṣirò. Àtìgbà tí wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà tuntun dé ni èrè iléeṣẹ́ ti ń pọ̀, owó àwọn tó ń túmọ̀ ìṣirò fún ọ̀gá náà ròkè, tèmi ò mira. Ṣebí wọ́n ní ẹ̀rọ ń mú ọrọ̀ ajé gbèrú ni, ta ló wá ń gbèrú fún?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà o. Àwọn ahunṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bọ́ sínú ohun tó ń ṣe yín yìí rí, ẹ̀rọ méjì ló sì kàn wọ́n, ọ̀kan là wọ́n, ìkejì sọ wọ́n di òtòṣì. Láti nǹkan bí 1764 ni ẹ̀rọ ìrànwú ti ń dé, òwú wá pọ̀ bíi yanrìn, ó dẹ̀ pọ́ọ́kú, àmọ́ ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń hun ún, làwọn ahunṣọ bá di ẹni à ń wá kiri, owó wọn fò sókè. Ìgbà tó yá, ẹ̀rọ ìhunṣọ tí Edmund Cartwright gbàwé àṣẹ ẹ̀ ní 1785 wá gbilẹ̀ (àwọn èèyàn sì ti rọ́ wọnú iṣẹ́ ìhunṣọ jù), ọwọ́ kan náà, òfì kan náà, owó já wálẹ̀ títí ebi fi wọlé. Ọrọ̀ ajé ń gbèrú ní gbogbo ìgbà yẹn o! Àmọ́ fún bí ọdún 40 lẹ́yìn 1800, ohun tówó òṣìṣẹ́ lè rà ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan, àwọn tó ni ẹ̀rọ ló ń jèrè.

Ẹ̀rọ kì í sábà gba odindi iṣẹ́, ibì kan ló máa ń gé jẹ. Kí VisiCalc, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn ro ìṣirò lójú ewé, tó jáde ní 1979, ẹ mọ bó ṣe rí, téèyàn bá yí iye kan ṣoṣo padà, á pa á rẹ́, á tún un rò látòkè délẹ̀. Ní báyìí ojú ewé ń tún ara ẹ̀ ṣe. Ẹni tó ń rò ó ò wọ́n mọ́, ẹni tó lè béèrè pé "tá a bá dín iye ọjà kù ńkọ́?" ló wọ́n.

Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ ṣáà lọ kọ́ kọ̀ǹpútà, ìmọ̀ràn ọ̀lẹ nìyẹn. Ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń ṣe láàárọ̀ dalẹ́ sílẹ̀, ẹ fàlà sábẹ́ èyí tí ẹ̀rọ ò lè ṣe láìsí yín, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ bá ọ̀gá, ó sàn kẹ́yin àti ẹgbẹ́ yín jọ lọ.