Kí katapílà tó gun òkè

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi ra ilẹ̀ lẹ́bàá Alma, ní ìpínlẹ̀ Colorado, a sì fẹ́ kọ́ ilé kékeré síbẹ̀. Kọngílá wa ní òun á kọ́kọ́ fi katapílà ha gbogbo ilẹ̀ náà, pé bí ilé bá parí, ká ra irúgbìn òdòdó fọ́n sí i. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé koríko ibẹ̀ ò ní tún hù fúnra rẹ̀ bíi ti ilé ni?
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Denver

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má gbà fún un. Ní Iléṣà, bí o bá ro oko lónìí, kí oṣù tó parí, igbó ti tún dé. Alma ga ju mítà 3,200 lọ. Yìnyín lè wà nílẹ̀ di oṣù Karùn-ún, kó sì tún dé ní oṣù Kẹwàá tàbí ṣáájú. Ìwọ̀nba àárín yẹn ni koríko fi ń dàgbà, tó fi ń so. Ilẹ̀dú ibẹ̀ náà ò nípọn.

Wo Trail Ridge Road, ọ̀nà tó gba orí òkè Rocky Mountain National Park ní Colorado níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là á ní 1929, wọ́n ṣí i ní 1932. Àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà náà to gẹdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí òkúta tí wọ́n ń fi ẹ̀tù fọ́ má baà dà lé koríko lórí. Wọ́n gé koríko tòun ti iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ pamọ́, wọ́n sì tún fi bo etí ọ̀nà. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, onímọ̀ ewéko kan, Beatrice Willard, ṣọgbà yí ibi tí ẹsẹ̀ àlejò ti tẹ koríko pa lórí òkè yìí kan náà ká. Ó rí i pé ibi tó bàjẹ́ gan-an lè lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kó tó bọ̀ sípò. Ẹsẹ̀ ènìyàn lásán nìyẹn o! Ilẹ̀ tìrẹ kò ga tó ibẹ̀, kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ lè dàgbà kí ojú àpá náà tó jiná.

Ilé fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń ba ilẹ̀ jẹ́ jù. Ibi tí típà ti ń yípo, ibi tí wọ́n to pákó sí, ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń páàkì mọ́tò sí, ibẹ̀ ni mo máa ń pàdé wàhálà nínú iṣẹ́ títún koríko gbìn tí mò ń ṣe. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ́ńjìnnì, kí ìwọ àti kọngílá fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà, kí ẹ kan èèkàn, kí ẹ na àwọ̀n aláwọ̀ ọsàn yí ibi iṣẹ́ ká. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí ọkọ̀ máa gbà wọlé, kó gba ibẹ̀ jáde, kó sì jẹ́ ọ̀nà tí ẹ̀yin náà á máa gbà títí láé. Kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí owó ìtanràn wà fún ẹni tó bá kọjá àwọ̀n. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dá awakọ̀ típà dúró.

Ojú ibi tí ilé máa wà, ẹ gé koríko rẹ̀ tòun ti gbòǹgbò, ẹ tò ó sí ibòòji, ẹ máa bomi rin ín. Ẹ kó ilẹ̀dú jọ lọ́tọ̀. Òkìtì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ga kọjá ìbàdí, torí ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀ máa ń kú sínú òkìtì ńlá. Kí wọ́n fọ katapílà kó tó gun òkè, ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń kó èpò wá.

Ní ti irúgbìn òdòdó, ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀ dáadáa. Oxeye daisy, òdòdó funfun tí àárín rẹ̀ pọ́n bí ẹyin, máa ń wà nínú irú àdàlù bẹ́ẹ̀, òfin Colorado sì kà á mọ́ èpò burúkú. Bi àwọn CSU Extension, ẹ̀ka Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn lórí ọ̀gbìn, léèrè koríko ìbílẹ̀ tó bá gíga ilẹ̀ rẹ mu.

Bí apá kan ibẹ̀ bá ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo bẹ̀ ọ́, má fọwọ́ kàn án. Àgbègbè South Park yín ní irú àbàtà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ dúdú inú rẹ̀ kì í fi ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 lọ nípọn sí i láàárín 1,000 ọdún.

Yàtọ̀ sí ojú ilé àti ọ̀nà ọkọ̀, ibi kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ sí kí ẹ ha ni ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún tó yí ògiri ká. Òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ẹ tẹ́ síbẹ̀, nítorí iná igbó.

Bí kọngílá yẹn bá kọ̀ láti kọ ọ̀rọ̀ àwọ̀n àti ìtanràn sínú àdéhùn, wá ẹlòmíràn kí oṣù Kẹfà tó dé.