Èsì: Níbo ni idán gidi wà?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ ní fídíò ìkọ́ṣẹ́ idán tí ẹ rà ní Dùgbẹ̀ kò kọ́ yín ju àtàǹpàkò onírọ́bà tí wọ́n ń fi áńkáṣíìfù pamọ́ sí lọ, ẹ wá ń béèrè idán gidi. Lójú tèmi, àtàǹpàkò yẹn gan-an ni. Gbèsè tí fídíò náà jẹ yín ni pé kò kọ́ yín ní ìlò rẹ̀: ibi tí ẹ ó máa wò (ibi tí ojú onídán bá lọ ni ojú èrò ń bá a lọ), ọ̀rọ̀ tí ẹ ó máa sọ, ìgbà tí ọwọ́ yóò wọ àpò.

Eégún onídán tó ń di òjòlá tàbí ọ̀nì lójú agbo, aṣọ ni wọ́n ń yí sódì, ìlù sì ń gbọkàn èrò lọ. Ta ló ní ìyẹn kì í ṣe idán? Olóògbé Professor Peller, gbajúmọ̀ onídán ọmọ Ìsẹ́yìn, àti ìyàwó rẹ̀ Lady Peller ńkọ́? Eré ni wọ́n ń ṣe nígbà náà.

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ta oògùn idán fún yín, olè ni. Ẹ dúró níwájú jígí, ẹ máa fi àtàǹpàkò yẹn dánra wò títí ẹ̀yin fúnra yín ò fi ní rí i mọ́.