Kóòtù àtijọ́ tó ń jò: òrùlé lẹ kọ́kọ́ bèèrè

Bọ̀dá tó ń bèèrè báwọn ṣe lè mú káńsù fi àtúnṣe ilé kóòtù àtijọ́ ìlú wọn sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú wa rí lórí tiwa nílẹ̀ Ìgbómìnà níbí.

Ilé amọ̀ ni, kóòtù ìbílẹ̀ ayé òyìnbó, ògiri ẹ̀ nípọn débi pé èèyàn lè jókòó sójú wíńdò. Páànù kan ló ṣí lórí ẹ̀, páànù kan péré! A kọ̀wé, a lọ a bọ̀, akọ̀wé á ní ọ̀gá ti lọ Ìlọrin, tá a bá tún padà lọ wọ́n á ní fáìlì ò tíì sọ̀kalẹ̀. Òjò ò dúró de fáìlì. Kí wọ́n tó dá wa lóhùn, omi ti ń gba orí ògiri wọlé. Ẹnjiníà tí wọ́n wá rán sí wa ò tiẹ̀ gòkè wo òrùlé, ó kan fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ha ògiri, ó ní sìmẹ́ńtì ló kù. Bàbá kan tó ti ń mọlé látọjọ́ sọ fún un lójú gbogbo wa pé amọ̀ máa ń mumi, ó sì máa ń gbẹ fúnra ẹ̀, tí wọ́n bá fi sìmẹ́ńtì bò ó, omi inú ẹ̀ ò ní ríbi jáde. Ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́ ẹ kanlẹ̀, wọ́n kùn ún ní yẹ́lò, wọ́n ya fọ́tò. Òjò ọdún kejì dé, ìsàlẹ̀ ògiri wú bí ikùn aboyún, ọjọ́ tí sìmẹ́ńtì yẹn máa jábọ́, tòun tamọ̀ ló jọ wálẹ̀. Òrùlé tó ń jò, wọn ò fọwọ́ kàn án. Inú ṣì ń bí mi, wàlláhì.

Torí náà òrùlé ni kẹ́ ẹ bèèrè, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Amọ̀ ni kí wọ́n sì fi dí amọ̀.

Ẹ̀ẹ́n, bọ́jẹ́ẹ̀tì lẹ ní. Ẹ kọ lẹ́tà, kí Kábíyèsí fọwọ́ sí i, ẹ gbé e fún káńsẹ́lọ̀ yín, èyí ẹ ti mọ̀. Ṣùgbọ́n kó dé ọwọ́ wọn kí ọdún tó parí o, nígbà tí wọ́n ń to tọdún tó ń bọ̀. Wọ́n á ní owó tíṣà àti pẹ́ńṣàn ti jẹ gbogbo ẹ̀ tán, irọ́ kọ́ pátápátá nìyẹn. Ọjà, ibùdókọ̀ àti ibi ìsìnkú wà nínú iṣẹ́ tí ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 yàn fún káńsù, kò dárúkọ ilé àtijọ́. Torí náà ẹ má kọ “àṣà àti ìṣe” nìkan, ẹ kọ iṣẹ́ tí ilé yẹn máa ṣe, bóyá ibi ìkàwé àwọn ọmọ. Tí wọ́n bá ní sítéètì ló di owó mú, ẹ rán wọn létí ohun tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ lóṣù Keje ọdún 2024, pé tààrà ni kí owó káńsù máa lọ bá káńsù.

Ẹnì kan á ní kẹ́ ẹ lọ bá àwọn mùsíọ̀mù. Èyí tó wà ní Èsìẹ́ látọdún 1945, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, ère òkúta ni wọ́n sì ń tọ́jú níbẹ̀, wọn ò ní wá bá yín kan páànù.

Ẹ ya fọ́tò ògiri yẹn káàkiri kí agbaṣẹ́ṣe kankan tó dé. Ẹ ka àwọn wíńdò onígi náà, torí ọjọ́ tí wọ́n yọ tiwa pé àwọn fẹ́ lọ tún un ṣe la rí i gbẹ̀yìn.