Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ǹjẹ́ Àwọ̀ Edé àti Mọ́sẹ̀lì Ń Sọ Bí Oore Wọn Ṣe Pọ̀ Tó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú wa. Edé ńlá tí mo rà ní tútù dúdú mọ́ àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lórí iná tó fi pọ́n fòò. Ẹnì kan ní wọ́n ti rẹ ẹ́ láró ni. Ẹlòmíràn ní bí ó bá ṣe pọ́n tó ni oore rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti pé kí n má ṣe ra mọ́sẹ̀lì, ẹran omi oníkarawun méjì nì, tí ẹran inú rẹ̀ bá funfun. Èwo ni ká gbà gbọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Kò sí ẹni tó rẹ edé yín láró. Inú òkun ni ó ti gbé àwọ̀ pupa náà wá. Astaxanthin ni orúkọ èròjà tó ni àwọ̀ yìí, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí carotenoid, ẹbí kan náà tí èròjà tó ń kun kárọ́ọ̀tì ti wá. Nígbà tí edé, akàn tàbí lọ́bstà (ìbátan edé tó tóbi jù ú lọ) bá wà láàyè, purotéènì kan máa ń dì mọ́ astaxanthin yìí nínú ìkarawun, tí kò fi ní lè yọ ní pupa, bí kò ṣe ní búlúù tàbí ní àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn. Ti lọ́bstà, tí wọ́n ń pè ní crustacyanin, ni a mọ̀ jù. Ní ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi bí apá kan nínú rẹ̀ ṣe tò hàn. Iná ló ń tú purotéènì náà, astaxanthin a sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ẹ da ìkarawun edé sínú òróró gbígbóná: òróró náà yóò mú àwọ̀ ọsàn, èyí tí omi tí ẹ fi bọ edé kì í ṣe, nítorí inú ọ̀rá ni astaxanthin ti ń yòrò.

Edé kò lè dá carotenoid ṣe. Láti ara ewéko tín-ín-tín-ín inú omi ni ó ti ń rí i, ìyẹn ni àwọ̀ edé ọ̀sìn fi máa ń ṣá bí oúnjẹ rẹ̀ kò bá ní in. Bákan náà ni ọ́ísítà (ẹran omi oníkarawun méjì bíi mọ́sẹ̀lì) ti Marennes-Oléron ní ilẹ̀ Faransé ṣe ń mú àwọ̀ ewé, nítorí aró búlúù tí ewéko kan tó ń jẹ́ Haslea ostrearia ń tú sínú omi. Ohun tí ẹran náà jẹ ni àwọ̀ ń sọ fún wa. Kò sọ ohun tí yóò ṣe fún ẹni tó jẹ ẹ́.

Nítorí náà, ẹ má ṣe sá fún mọ́sẹ̀lì funfun. Akọ ni ó sábà máa ń funfun, abo ni ó ń mú àwọ̀ ọsàn. Gíráàmù 100 mọ́sẹ̀lì ní fítámì B12 tó ju èyí tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́ lọ fíìfíì. Ọ́ísítà, tí àwọ̀ rẹ̀ kò wu ojú rárá, ló tún wá ní síǹkì tó bẹ́ẹ̀ tí agbára káká ni a fi lè rí oúnjẹ mìíràn tó bá a dọ́gba. Ní ti edé, nǹkan bí gíráàmù 20 purotéènì ló wà nínú gíráàmù 100 rẹ̀ ní tútù, ọ̀rá kò sì tó gíráàmù 2. Òótọ́ ni pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n irú ọ̀rá tó máa ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ẹ̀jẹ̀ sókè jù lọ kò tó nǹkan nínú rẹ̀.

Ibì kan wà tí mo gbà pé àwọ̀ ń tọ́ka sí oúnjẹ: inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bàbà ló ń gbé atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀ akàn àti edé, ìdí nìyẹn tó fi ń mú búlúù. Irin ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa àwọn oníkarawun tí a ń pè ní Anadara. Ara wa nílò méjèèjì.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè fi àwọ̀ mọ mọ́sẹ̀lì tó ní májèlé?

ÌDÁHÙN: Rárá. Saxitoxin, májèlé tí àwọn ohun tín-ín-tín-ín kan nínú òkun ń ṣe, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, bíbọ̀ kì í sì í pa á run. Láti inú omi tí àwọn aláṣẹ ti yẹ̀ wò nìkan ni kí ẹ ti máa jẹ mọ́sẹ̀lì.